Eré Sísá àti Epo Jíìpù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Òwe yìí ti wà lẹ́nu àwọn àgbà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹni pé nítorí awakọ̀ ni wọ́n ṣe pa á ni ó rí. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí i bí àwọn jíìpù ńláńlá ti ń fò kọjá bí àṣá. Bí ọ̀kan ti ń tan iná sí èyí tí ó wà níwájú pé kí ó yà fún òun, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń fun fèrè mọ́ òun náà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá dé ilé epo ní Ìbàdàn, awakọ̀ kan náà tí ó ti sá gbogbo eré yìí yóò mi orí, yóò sì sọ pé, "Jíìpù yìí ń mu epo jù."

Gbólóhùn kékeré yìí ni ó yẹ kí a tú wò. Nínú èdè Yorùbá, ọkọ̀ ni a máa ń sọ pé ó ń mu epo tàbí pé ó ń jẹ epo, bí ẹni pé ọkọ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun tirẹ̀, tí òǹgbẹ sì ń gbẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ sí i. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé jíìpù tóbi, ó sì wúwo ju ọkọ̀ kékeré lọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí ó kù ni pé ẹsẹ̀ ọ̀tún awakọ̀ ni ó ń bu epo fún ọkọ̀ mu. Jíìpù kan ṣoṣo, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, lè mu lítà 9 lọ́wọ́ awakọ̀ kan, kí ó sì mu lítà 14 lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí epo kò wọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kò ká ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ tí ń bẹ lórí epo bẹntiróò ti dópin. Lítà kan tí àwọn ará Èkó ń rà ní nǹkan bí 190 náírà fò sókè kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti tó nǹkan bí 1,000 náírà. Olùkọ́ tí ó ti fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra jíìpù tòkunbọ̀ ní ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà kò lè tà á wọ́rọ́wọ́, nítorí pé ẹni tí yóò rà á pàápàá ń ro ti epo. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó mọ bí a ti í wà á. Ìmọ̀ yìí kò sì le. Ohun tí ó le níbẹ̀ ni sùúrù.

Ibo Ni Epo Ń Lọ?

Nínú epo tí ẹ́ńjìnì ń jó, èyí tí ó pọ̀ jù ń di ooru, ó sì ń bá èéfín àti omi tí ń tu ẹ́ńjìnì lára lọ. Ohun tí ó dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń di agbára tí ń yí táyà. Agbára kékeré tí ó kù yìí náà ni àwọn oníbodè mẹ́ta tún dúró dè lójú ọ̀nà.

Oníbodè kìn-ín-ní ni ilẹ̀. Táyà kì í ṣe irin; bí ó ti ń yí ni ó ń tẹ̀, tí ó sì ń padà bọ̀ sípò. Títẹ̀ yìí ń mú un gbóná, ooru náà sì ń gba nínú agbára ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wúwo tó, tàbí bí atẹ́gùn inú táyà bá ti dín tó, bẹ́ẹ̀ ni owó-odè tí ilẹ̀ ń gbà yóò ti pọ̀ tó.

Oníbodè kejì ni ìwúwo ọkọ̀. Láti mú ohun tí ó wúwo kúrò lójú kan gba agbára. Agbára náà kì í ṣòfò lójú ẹsẹ̀. Ó wà nínú ọkọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀ bá tẹ búréèkì, gbogbo rẹ̀ ni yóò di ooru lẹ́sẹ̀ táyà, kò sì ní padà sínú táǹkì mọ́.

Oníbodè kẹta ni afẹ́fẹ́. Òun ni a kì í rí, òun sì ni ó ń gba owó jù lọ́wọ́ ẹni tí ń sá eré.

Afẹ́fẹ́ Tí A Kò Rí

Ẹni tí ó bá ti ru páànù ìkọ́lé lójú afẹ́fẹ́ rí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lágbára. Bí ó bá gbé páànù náà ní ìdùbúlẹ̀, yóò kọjá wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá kọ ojú rẹ̀ sí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ gbé òun àti páànù lọ. Ọmọ tí ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀ pẹ̀lú ti rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ láàárín ìlú, afẹ́fẹ́ kàn ń fọwọ́ pa á lọ́wọ́ ni. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé orí márosẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò ti ọwọ́ náà sẹ́yìn tipátipá.

Òfin kan tí kì í yẹ̀ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni yóò dà. Bí a bá pe ìdènà tí jíìpù ń bá pàdé nígbà tí ó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ní 100, nígbà tí ó bá ń sá 100, ìdènà náà yóò ti di 156. Bí ó bá dé 120, yóò di 225. Awakọ̀ rò pé ìdajì ni òun fi kún eré òun láti 80 dé 120, kò mọ̀ pé ohun tí afẹ́fẹ́ ń béèrè ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ wà láàárín jíìpù àti ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ kékeré rẹlẹ̀, imú rẹ̀ sì dà sílẹ̀ bí ìrù ẹja, afẹ́fẹ́ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Jíìpù ga, ó fẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró bí ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, irú Toyota Highlander àti Honda Pilot, ni ó wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 2,000. Nítorí náà, ojú tí ó fẹ̀ ń san owó fún afẹ́fẹ́, ara tí ó wúwo sì ń san owó fún ilẹ̀. Bí jíìpù bá ti ń kọjá nǹkan bí kìlómítà 80 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ti máa ń borí ilẹ̀ nínú owó gbígbà, láti ibẹ̀ lọ ni epo sì ti ń yára tán.

Ohun Tí Wọ́n Wọ̀n

Kì í ṣe ìrò lásán ni èyí. Ní Oak Ridge, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé ìwádìí ìjọba kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti wọn bí ọkọ̀ 74 ṣe ń lo epo ní oríṣiríṣi eré. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Máìlì ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn ọ̀nà, nítorí náà 50, 60, 70 àti 80 máìlì ní wákàtí kan ni wọ́n lò. Ní ìwọ̀n kìlómítà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 80, 97, 113 àti 129.

Nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì pín in, wọ́n rí i pé bí ọkọ̀ bá kúrò ní 80 bọ́ sí 97, ọ̀nà tí ìwọ̀n epo kan lè gbé e dé yóò dín ní nǹkan bí ìdá 12 nínú 100. Bí ó bá tún kúrò ní 97 bọ́ sí 113, yóò dín ní nǹkan bí ìdá 14 sí i. Láti 113 dé 129, nǹkan bí ìdá 15 ni yóò tún lọ. Ẹ̀rí èyí ni pé epo tí ó lè gbé ọkọ̀ rin kìlómítà 100 ní eré 80 kò ní gbé e ju nǹkan bí kìlómítà 64 lọ ní eré 129.

Kí a mú jíìpù kan fún àpẹẹrẹ, kí a sì sọ pé lítà 9 ni ó ń mu fún kìlómítà 100 nígbà tí ó ń sá 80 ní wákàtí kan. Bí ó bá tẹ̀lé ìṣirò yìí, yóò mu lítà 10 àti díẹ̀ ní eré 97, yóò mu nǹkan bí lítà 12 ní eré 113, yóò sì mu lítà 14 ní eré 129. Lítà márùn-ún ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ní iye tí epo wà ní ìparí ọdún 2024, nǹkan bí 5,000 náírà nìyẹn lórí kìlómítà 100 péré, láìjẹ́ pé ọkọ̀ gbé ẹrù kún ẹrù tàbí èrò kún èrò.

Àkókò Tí A Rò Pé A Jèrè

Ẹni tí ń sá eré yóò sọ pé àkókò ni òun ń rà. Ó dára, ó yẹ kí á wo iye tí ó rà á. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 127. Òfin ìrìnnà Nàìjíríà fún ọkọ̀ aládàáni láyè láti sá 100 ní wákàtí kan lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò lo ìṣẹ́jú 76. Ẹni tí ó bá rú òfin, tí ó sì ń sá 120, yóò lo ìṣẹ́jú 64. Ìṣẹ́jú méjìlá ni gbogbo èrè rẹ̀.

Èyí sì rí bẹ́ẹ̀ bí ọ̀nà bá ṣófo ni. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé kì í sábà ṣófo. Ọkọ̀ tí ó fi eré àsápajúdé kọjá lára ènìyàn ní Ògèrè, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàfò ni a óò tún ti bá a, tí awakọ̀ rẹ̀ ń fi ìka lu ìtọ́kọ̀. Epo ti lọ, ìṣẹ́jú méjìlá náà sì ti lọ.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, àsápajúdé, tó kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè dúró lé. Sísá eré bí ẹni tí ó pa ojú dé ni. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí kò sọ̀rọ̀ nípa bí eré náà ti yá tó. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé ẹni tí ń sá a kò wo iwájú. A óò rí i láìpẹ́ pé àìwo iwájú yìí ń jó epo bí eré fúnra rẹ̀ ti ń jó o.

Ṣé Kí Á Wá Máa Rìn Bí Ìgbín?

Rárá o. Ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ìfà. Ẹ́ńjìnì tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ń jó epo láti yí ara rẹ̀, láti yí ẹ̀rọ amúlétutù, àti láti pèsè iná mànàmáná, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ dúró lójú kan. Bí ọkọ̀ bá ń wọ́ lọ ní kìlómítà 15 tàbí 20 ní wákàtí kan nínú jíà kékeré, epo tí ń lọ lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àárín 55 sí 80 ní wákàtí kan, nínú jíà tí ó ga jù tí ọkọ̀ lè gbà, ni epo ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù.

Ìdí nìyí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fi burú. Ọkọ̀ tí ó dúró tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò dúró lè jó lítà kan sí nǹkan bí lítà méjì ní wákàtí kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnì náà bá ti tóbi tó àti bí amúlétutù bá ti ń ṣiṣẹ́ tó. Kò rin ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹni tí ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ó sì tan ọkọ̀ sílẹ̀, lè ti fi ìdajì lítà sí nǹkan bí lítà kan ṣòfò. Bí ó bá hàn pé ìdúró náà yóò pẹ́, tí ibẹ̀ kò sì léwu, pípa ẹ́ńjìnì ni ó sàn jù.

Ẹsẹ̀ Tí Kò Ní Sùúrù

Eré gíga lórí márosẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń tán epo. Láàárín ìlú, níbi tí kò sí ẹni tí ó lè sá 100, àṣà ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ń pinnu iye epo tí yóò lọ. Awakọ̀ mìíràn wà tí kò mọ ohun mìíràn ju kí ó tẹná mọ́ ọkọ̀ kí ó sì tún tẹ búréèkì lọ. Iná pupa wà níwájú, ó rí i, síbẹ̀ yóò fò lọ bá a bí ẹni tí wọ́n ń lé, yóò sì tẹ búréèkì lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Láti gbé jíìpù tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 2,000 kúrò lójú kan dé eré 50 ní wákàtí kan ń gba epo tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ṣe é ní nǹkan bí ìgbà 40, lítà kan ti lọ. Ọ̀rọ̀ ìlọ́po mẹ́rin tí a sọ nípa afẹ́fẹ́ tún wà níbí pẹ̀lú: láti gbé e dé 100, ìgbà mẹ́wàá péré ni yóò gba lítà kan. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ búréèkì dúró pátápátá ni a ń da epo náà sí ilẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ láti Ìyànà Ìpájà lọ sí Ìkẹjà lè ka iye ìgbà tí ó dúró, kí ó sì ṣe ìṣirò tirẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé ìwakọ̀ jàgídíjàgan, èyí tí ó kún fún eré, títẹná lójijì àti búréèkì lójijì, lè dín ọ̀nà tí epo ń gbé ni dé kù ní ìdá 15 sí 30 nínú 100 lójú ọ̀nà gbọọrọ, àti ní ìdá 10 sí 40 nínú ìrìn dúró-díẹ̀-lọ-díẹ̀. Kò sí oògùn tí mẹkáníìkì lè fi sínú ẹ́ńjìnì tí yóò dá irú epo bẹ́ẹ̀ padà.

Oògùn rẹ̀ ni kí a máa wo iwájú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Awakọ̀ tí ó bá fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ̀ iwájú, tí ó sì ń wo ọ̀nà títí dé ibi tí ojú rẹ̀ lè dé, yóò rí iná pupa, kòtò, gegele ojú títì àti ibi tí àwọn ọlọ́pàá dúró sí kí ó tó dé ibẹ̀. Yóò kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo ni, ọkọ̀ yóò sì máa fi agbára tí ó wà lára rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, kí ó tó dé ibẹ̀, iná ti di àwọ̀ ewé.

Àwọn Èrò Tí Kò Tọ̀nà

Àwọn èrò kan wà tí ó ti pẹ́ láàárín àwọn awakọ̀, tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni fífi jíà sí fíríì nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Láyé àwọn ọkọ̀ tí ó ń lo kábúrétọ̀, ọgbọ́n díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé, tí kọ̀ǹpútà ń darí bí epo ṣe ń wọ inú ẹ́ńjìnì, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo nígbà tí ọkọ̀ wà nínú jíà tí ó sì ń sáré, kọ̀ǹpútà yóò dá epo dúró, nítorí pé táyà ni ó ń yí ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi í sí fíríì, ẹ́ńjìnì yóò ní láti jó epo kí ó má baà kú. Ẹni tí ó rò pé òun ń ṣọ́ epo ń ná epo ni. Èyí tí ó tún burú ju ti epo lọ ni pé ẹ́ńjìnì kò ní bá a di ọkọ̀ mú mọ́. Búréèkì nìkan ni ó kù fún kìlógíráàmù 2,000 lórí ìsọ̀kalẹ̀.

Èkejì ni títan ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àárọ̀ kí ó lè gbóná. Ẹ́ńjìnì òde òní kò nílò rẹ̀. Rírọra wà á lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń mú un gbóná kíá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ amúlétutù. Òótọ́ ni pé ó ń mu epo, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ ti wà nínú oòrùn tí inú rẹ̀ sì ti gbóná. Ó dára kí a ṣí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ kí ooru náà jáde kí a tó tan án. Láàárín ìlú, tí eré kò pọ̀, ẹni tí ó bá lè fara da ooru lè ṣí fèrèsé. Lórí márosẹ̀, fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ ń di àpò tí ń kó afẹ́fẹ́, òun náà sì ń dá ọkọ̀ dúró.

Ẹ̀kẹrin ni ẹrù orí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń so iṣu, àkéte àti àpótí mọ́ orí jíìpù nígbà ọdún. Àpótí ńlá lórí ọkọ̀ lè dín ọ̀nà tí epo ń gbé ni dé kù ní ìdá 6 sí 17 nínú 100 lójú ọ̀nà gbọọrọ. Ẹrù kan náà, bí ó bá wà nínú ọkọ̀, kì í gba tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwúwo nìkan ni yóò jẹ́. Afẹ́fẹ́ kò ní rí i.

Ẹ̀karùn-ún ni táyà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ojú wọn atẹ́gùn inú táyà, tàbí kí wọ́n ka iye tí a kọ sí ara táyà, tí ó sì jẹ́ pé òpin ohun tí táyà náà lè gbà ni iye yẹn. Iye tí ó yẹ ọkọ̀ wà nínú ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni ó yẹ kí a wọ̀n ọ́n, nítorí pé táyà tí ó ti gbóná ń purọ́.

Nígbà Tí Odindi Orílẹ̀-èdè Dín Eré Kù

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ń ta epo rọ̀bì kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà nítorí ogun Ísírẹ́lì. Àwọn ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ sí iwájú ilé epo. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1974, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin pé kò sí ọ̀nà kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti sá ju máìlì 55 lọ ní wákàtí kan, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 89. Epo ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun mìíràn pẹ̀lú. Àwọn tí ó kú lójú ọ̀nà ní ọdún 1973 lé ní 54,000. Ní ọdún 1974, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 45,000. Kì í ṣe òfin náà nìkan ni ó fa gbogbo ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé àìsí epo mú kí ìrìn-àjò pàápàá dín kù. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé eré tí ó dín kù kò lọ́wọ́ sí i.

Òfin náà kò dùn mọ́ àwọn ènìyàn nínú. Àwọn awakọ̀ tírélà ṣe ìwọ́de, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì ń rú u nígbà tí wọn kò bá rí ọlọ́pàá. Ní ọdún 1987, wọ́n gbà kí àwọn ìpínlẹ̀ gbé e sókè dé 65 lórí àwọn ọ̀nà márosẹ̀ kan, ní ọdún 1995 ni wọ́n sì fagi lé e pátápátá. Epo ti pọ̀, owó rẹ̀ ti wálẹ̀, sùúrù sì tán.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ rò kí wọ́n tó ro ti epo. Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ aṣáájú níbẹ̀. Ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, Ṣóyínká yìí náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí ìtàn méjèèjì ń kọ́ ni ni pé òfin lè dín eré kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí òye kò bá wọ ọkàn awakọ̀, ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá kúrò ni eré yóò padà dé.

Ta Ni Ó Ń Kánjú?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù tí ń fò lórí márosẹ̀, ẹni tí ó di ìtọ́kọ̀ mú kọ́ ni ó ń kánjú. Ọ̀gá tí ó jókòó sẹ́yìn ni. Òun ni ó pẹ́ jáde nílé, òun ni ó ń wo aago, òun ni ó ń sọ pé, "Dírẹ́bà, ṣé o ń sùn ni?" Dírẹ́bà kò lè dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ jẹ́ kí á rọra." Ó bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́. Yóò tẹná. Nígbà tí ó bá sì di alẹ́, tí owó epo kò bá tó, dírẹ́bà náà ni ọ̀gá yóò fura sí pé ó ń fa epo tà.

Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò tí a ṣe lókè yìí kò ní yára fi ẹ̀sùn olè kan ọmọlọ́mọ̀. Yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè iye ìgbà tí ó sọ pé kí dírẹ́bà sáré. Epo tí ọ̀gá pàṣẹ pé kí afẹ́fẹ́ gbé lọ kò ṣeé wá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Bí ọ̀gá bá fẹ́ kí epo òun pẹ́ nínú táǹkì, kí ó jáde nílé ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò tí ó máa ń jáde. Ogún ìṣẹ́jú náà yóò ra èyí tí ó sọnù padà, yóò sì ṣẹ́kù.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Jíìpù lágbára, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Agbára náà kò ní kí ẹni tí ó ni ín má lo ẹ̀sọ̀.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí afẹ́fẹ́ fi ń dá jíìpù dúró ju ọkọ̀ kékeré lọ?

2. Bí ọ̀nà kan bá gùn tó kìlómítà 90, ìṣẹ́jú mélòó ni ẹni tí ń sá 120 ní wákàtí kan yóò fi ṣáájú ẹni tí ń sá 90? Ṣé àkókò náà tó ohun tí ó ná an?

3. Ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀sọ̀ àti ìfà nínú ọ̀rọ̀ ìwakọ̀.

4. "Òfin nìkan kò lè mú kí awakọ̀ rọra." Jíròrò lórí gbólóhùn yìí pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti Amẹ́ríkà àti láti Nàìjíríà.